Omi Ọ̀fẹ́ Ìta Ilé Mi

Ọjọ́rú ni wọ́n sáré gbé Ìyanu lọ sí ọsibítù. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń jó ẹsẹ̀ irin táǹkì kan pọ̀, nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e kọjá léjìká, tó ń wá kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ìyanu. Kò sunkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo ṣí gíláàsì dúdú kúrò lójú. "Títílọpẹ́, kí ló dé?"

"Èébì ni, sà. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, láti àná."

"Kí lẹ fún un jẹ?"

"Kò jẹ nǹkan kan, Bàbá. Omi nìkan ló ń mu."

Ó ti wọ kẹ̀kẹ́ kó tó parí ọ̀rọ̀. Mo fa gíláàsì bojú padà, mo tan iná sí irin. Omi nìkan ló ń mu. Gbogbo àdúgbò wa ní Mgbuoba, ní Port Harcourt níbí, ló mọ ibi tí omi yẹn ti ń wá.

Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń wá. Mo fa páìpù láti inú táǹkì mi gba ara ògiri jáde sí ojú títì, mo sì de ẹnu ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ọdún kẹjọ rèé. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń ṣí i, n ó tì í ní aago mẹ́wàá, n ó tún ṣí i nírọ̀lẹ́. N kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí iná bá lọ, èmi ni mò ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Àwọn obìnrin á to kẹ́ẹ̀gì wọn tẹ̀léra dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á máa kí mi: "Baba Water, God bless you o." Orúkọ tí àwọn ọmọ kéékèèké mọ̀ mí mọ̀ nìyẹn. Wọn ò mọ̀ pé Akínlolú ni mò ń jẹ́.

Kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe àánú ló jẹ́ kí n fa omi náà síta. Ìbínú ni.

Lọ́dún 2013, ìyàwó mi Serifat ṣe iṣẹ́ abẹ. Ohun gbogbo tí mo ní ló bá a lọ. Àwa Yorùbá tó wà ní Port Harcourt ní ẹgbẹ́ kan tó ń ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn kan ní D-Line lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì, àwọn àgùnbánirọ̀, àti àwa oníṣẹ́ ọwọ́ mélòó kan tí a máa ń jókòó sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ yìí ní àṣà kan: tí wọ́n bá fẹ́ ran ẹnìkan lọ́wọ́, wọ́n á kà á jáde. Adégbénga ni akọ̀wé nígbà náà. Ilé rẹ̀ ni ìkẹta sí tèmi. Èbúté Onne ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń yẹ omi wò kí wọ́n tó gbé e fún àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sójú òkun. Mo fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù ú lọ.

Ó dìde, ó ka ìwé ọwọ́ rẹ̀ sókè: "Ọ̀gbẹ́ni Akínlolú, oníṣẹ́ jórinjórin, tí ìyàwó rẹ̀ wà ní ọsibítù, tí kò sì ní olùrànlọ́wọ́. Àpò ìrẹsì kan, kẹ́ẹ̀gì òróró kan." Ó ní kí n bọ́ síwájú. Ó ní kí n di etí àpò náà mú kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ó ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, sà." Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ara wọn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo gbé ìrẹsì náà délé, mo sì jẹ ẹ́, nítorí pé kò sí òmíràn nílé. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí ọwọ́ mi wá dẹ̀, tí mo gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, mo ní èmi náà á di ẹni tó ń fúnni. Gbogbo ayé á pọn omi mi, àfi ilé kan. Oṣù kejì tí mo ṣí i ni pọ́ǹpù ilé Adégbénga jó. Ìyàwó rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì méjì wá. Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́." Obìnrin náà rò pé eré ni, ó rẹ́rìn-ín. Mo ti ẹnu ẹ̀rọ pa lójú gbogbo èèyàn, mo sì dúró tì í títí ó fi gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà a ò kí ara wa. Ọdún méje ó lé.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn ọmọ Mama Ovunda méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Mama Ovunda jẹ́ ọmọ Ikwerre, ó ń ta bísíkíìtì àti ọṣẹ nínú kíóòsì tó dojú kọ ilé mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, àgbàlagbà kan tó ń gbé ní òpin àdúgbò náà bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ nídìí ẹnu ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń pọnmi. Ọ̀kan ní ibà ni. Ọ̀kan ní ẹja tí wọ́n rà lọ́jà ni. Ẹnikẹ́ni kò wo ohun tó ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Èmi ni mò ń wò ó. Ó mọ́ gaara, ó ń dán nínú oòrùn. Mo bu ú sọ́wọ́, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò rùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, Serifat gbé oúnjẹ síwájú mi, kò sì kúrò.

"Baba Pamílẹ́rìn, omi yẹn."

"Omi wo?"

"Ẹ mọ omi tí mò ń sọ."

"Tó bá jẹ́ omi ni, kí ló dé tí èmi àti ìwọ ò ṣàìsàn?"

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí orí tábìlì, síbi tí píọ̀ wọ́tà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ mi.

Mo fi ṣíbí sílẹ̀. Láti ọdún tí èéfín dúdú ti ń bà sórí ohun gbogbo ní Port Harcourt, tí a bá nu fèrèsé lówùúrọ̀ tó máa dúdú kí ilẹ̀ tó ṣú, ni a ti ń ra píọ̀ wọ́tà. A ní a ò mọ ohun tó ń bọ́ sínú táǹkì. A ń fi omi kànga wẹ̀, a ń fi fọṣọ, a ò mu ún. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ yẹn láràárọ̀ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ, kò sì wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé ohun tí mò ń fún wọn, èmi fúnra mi kì í mu ún.

"Ẹnìkan wà ládùúgbò yìí tó ń yẹ omi wò," Serifat ní.

"Má dárúkọ rẹ̀ fún mi."

"Ṣé mo dárúkọ rẹ̀ ni?"

Mo dìde láìjẹun tán, mo lọ sẹ́yìn ilé. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni mo kọ́ yàrá mẹ́rin síbẹ̀ fún àwọn ayálégbé, mo sì gbẹ́ sọkawéè tuntun fún wọn, kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ń dà sí. Èmi àti òṣìṣẹ́ kan la gbẹ́ ẹ. Mo dúró lórí ìdérí rẹ̀, mo rìn lọ sí ibi tí páìpù kànga ti yọ nílẹ̀, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi. Mọ́kànlá. Mo padà, mo tún kà á, mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kúrú. Mẹ́tàlá. Mo mọ̀ pé ara mi ni mò ń tàn. N ò mọ iye tó yẹ kó jẹ́. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, wọn ò kọ́ mi ní ìyẹn níbẹ̀, ọkùnrin tó gbẹ́ kànga náà kò sì sọ ọ́ fún mi. Ó ti padà sí Aba, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Mo pe Títílọpẹ́ lórí fóònù. Ó ní wọ́n ń fún Ìyanu ní abẹ́rẹ́ ibà, ọmọ náà ṣì ń bì, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ pè, Bàbá. Ọlọ́run á bù sí i fún yín." Mo pa fóònù kí ó tó ṣàdúrà tán.

Ó yẹ kí n má ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n aago mẹ́fà lù, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń to kẹ́ẹ̀gì, mo rò ó pé kí ni n ó sọ fún wọn, ọwọ́ mi sì ṣí i. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Kò sí omi ọ̀fẹ́ mìíràn nítòsí. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kún, mo sì ń rántí ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ àti iye ọmọ tó wà níbẹ̀. Nígbà tó di ìkẹrìnlá, n kò lè gbà á mọ́ra. Mo ti ẹnu ẹ̀rọ pa.

"Pọ́ǹpù ti jó," mo ní.

Mama Ovunda ló kàn. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Pump burn? Baba Water, the same pump wey I dey hear so dey make noise?"

Lóòótọ́, pọ́ǹpù náà ń pariwo nínú ọgbà.

"I say e don burn."

"Talk true. You wan begin sell am, abi? Just tell us how much. I get two pikin wey dey purge, I need water wash their cloth, and na today your hand tire."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín dáadáa. Mo wọlé. Mo bu omi sínú ike kan tí a ti mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tán nínú rẹ̀, mo fi sábẹ́ apá, mo gba ẹ̀yìn ilé jáde kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Ẹnu ọ̀nà Adégbénga ni mo dúró sí. Mo kànkùn. Mo wo ẹ̀yìn bí ẹni tó wá jalè.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Irun rẹ̀ ti ń funfun létí. N kò mọ̀, nítorí ọdún méje ni n kò ti wo ojú rẹ̀.

"Bàbá," ó ní. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà."

"Mo fẹ́ kí o bá mi yẹ omi kan wò."

"Omi yín?"

"Ṣé omi ẹlòmíràn ni n ó gbé wá ni?"

Ìyàwó rẹ̀ pè é láti inú ilé. "Ta ni yẹn?"

"Bàbá ni."

"Bàbá wo?" Ó jáde sí fàráńdà, ó rí mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ sì le. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ọdún méje ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, àmọ́ ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta náà. Ṣé kẹ́ẹ̀gì lẹ fẹ́ yá ni?"

"Jọ̀ọ́, fi Bàbá sílẹ̀," Adégbénga ní. Ó gba ike náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè sójú oòrùn, ó sì dá a padà. "Èyí kò wúlò. Ike yìí kò mọ́, kò ní sọ òtítọ́ fún wa. Ìdí ẹ̀rọ gan-an la ti máa bu ú. Ṣé ẹ ní iná, sà? A ní láti jó ẹnu ẹ̀rọ náà kọ́kọ́, kí ó má baà jẹ́ pé ìdọ̀tí ọwọ́ àwọn èèyàn la rí."

"Iná niṣẹ́ mi," mo ní.

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé èmi fúnra mi ló mú Adégbénga wá sídìí ẹnu ẹ̀rọ tí mo fi dù ú. Oòrùn ti mú, àwọn apọnmi ti túká. Mo tan iná gáàsì, mo fi jó ẹnu irin náà títí ó fi gbóná. Ó ní kí n jẹ́ kí omi ṣàn díẹ̀ kó tó bu ú. Ìgò kékeré tó máa ń mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní bébà kan tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn nínú. Ó bu omi lé e, ó dé e pa, ó mì í.

"A máa fi sínú kúlà tí kò ní yìnyín kó má baà tutù," ó ní. "Kí ó tó di ọ̀sán ọ̀la a máa mọ̀. Tí omi yìí bá wà bó ṣe wà, ẹ dúpẹ́. Tó bá dúdú, ìgbẹ́ èèyàn ti wọ inú kànga."

Mo lọ wò ó ní aago mẹ́rin. Ó mọ́. Mo lọ wò ó ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó kàn ṣí kúlà fún mi, ó sì dúró tì mí bí ìgbà tí mo dúró tì í nídìí ẹnu ẹ̀rọ. Ìgò náà mọ́. Mo padà sílé, inú mi dùn díẹ̀, ìbẹ̀rù sì gba ọkàn mi padà kí n tó dé ẹnu géètì. Mo gbàdúrà pé kó jẹ́ ibà. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ibà ló ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí mò ń sọ, mo pa ẹnu mi dé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, Adégbénga kò dúró kí n wá. Ó wá bá mi nílé, ó ti wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ìgò náà lọ́wọ́ nínú aṣọ ìnura. Ó ṣí aṣọ náà. Omi inú ìgò dúdú bí òróró ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò.

Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Níbo ni sọkawéè yín wà, Bàbá?"

"Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá."

Kò béèrè bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lórí báyẹn. Ó ní, "Ó yẹ kó tó ogójì, sà. Omi kò jìnnà sílẹ̀ níbí." Kò bá mi wí. Ká ní ó bá mi wí ni, mo mọ bí n ó ṣe dá a lóhùn.

"O lè lọ kà á jáde báyìí," mo ní. "Ní ìpàdé yín."

"Ka kí ni jáde?"

"Bí o ṣe ka ti ìrẹsì. Ní D-Line. Tí o ní kí n rẹ́rìn-ín."

Ó ń wò mí. Mo rí i pé ó ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri nínú orí rẹ̀, kò sì rí i. "Ìrẹsì wo, sà?" Lẹ́yìn náà ló ní, "Áà. Ìgbà tí Màmá ṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣé ìyẹn ni? Mo rò pé ohun tó bí yín nínú ni pé ohun tí a fún yín kéré. Mo sọ fún ìyàwó mi nígbà náà pé à bá ti fi àpò kan kún un."

Ọwọ́ mi yún mi láti gbá a létí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ti ṣubú lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Serifat jáde láti kíṣìnì, ó dúró láàárín wa, ìgò náà ni ó ń wò.

"Ọmọ yẹn wà lórí bẹ́ẹ̀dì," ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì, ọmọ yẹn wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Òótọ́ ni, Màmá," Adégbénga ní. "Bàbá, ibà ni wọ́n ń wò fún un. Ó yẹ kí àwọn dókítà mọ ohun tó mu. Kì í ṣe òun nìkan, gbogbo àwọn tó kù náà. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni o. Omi yín ni, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ òní. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ nínú mọ́tò."

"Rárá. Màá wọ kẹ̀kẹ́."

"Bàbá."

"Mo ní màá wọ kẹ̀kẹ́."

Mo jáde pẹ̀lú ìgò náà. Mo ti rò ó pé màá lọ sọ́sibítù tààrà, màá sọ ọ́ fún dókítà ní kọ̀rọ̀, dókítà á mọ ohun tó máa ṣe, màá sì máa tún kànga mi ṣe ní ìdákẹ́jẹ́, kí ó wà bẹ́ẹ̀ pé pọ́ǹpù ló jó. Ṣùgbọ́n obìnrin mẹ́fà tàbí méje ló ti wà nídìí ẹnu ẹ̀rọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n ń dúró bóyá a ti tún pọ́ǹpù ṣe. Mama Ovunda wà láàárín wọn, àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọrùn ọmọ náà rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Baba Water, you don repair am? Wetin be that for your hand?"

Mo lè kọjá. Kẹ̀kẹ́ kan ń bọ̀, mo ti na ọwọ́ sí i. Mo wo ọrùn ọmọ náà.

"Na my water," mo ní.

"Which water?"

"This one. From this tap. Them test am."

"Why e black?"

"Shit dey inside. Soakaway don enter the borehole. Make nobody drink am again. Those wey dey sick, make una carry them go hospital, tell doctor say na water. No be malaria."

Obìnrin kan da omi tó kù ní ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò gbà á gbọ́.

"Since when?" Mama Ovunda béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré.

"I no know."

"You no know. You no know!" Ohùn náà dìde báyìí. "And every morning I dey kneel down greet you! I dey tell my pikin make dem greet you! You sef, you dey drink am?"

Ìbéèrè tí mò ń bẹ̀rù jù nìyẹn. Mo ní, "No."

Ó sún mọ́ mi, mo rò pé yóò lù mí, n kò sì ní gbé ọwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kérora, ó sì yí padà, ó sáré wọ inú kíóòsì lọ mú ẹnìkejì. Mo dá kẹ̀kẹ́ náà dúró, mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́. Mo dúró de òmíràn.

Lójú ọ̀nà mo ra àpò píọ̀ wọ́tà kan àti gúlúkóòsì. N kò mọ ìdí tí mo fi rà á. N kò lè lọ lọ́wọ́ òfìfo ni.

Ìyanu kéré lórí bẹ́ẹ̀dì náà ju bó ṣe rí léjìká ìyá rẹ̀ lọ. Ètè rẹ̀ ti là. Títílọpẹ́ dìde nígbà tó rí mi, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi, mo ní kó má kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un lórí ìdúró. Mo gbé ìgò náà jáde, mo sọ ti sọkawéè, mo sọ ti píọ̀ wọ́tà tí èmi àti Serifat ń mu. Mo sọ ti kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìnlá ọjọ́ Àbámẹ́ta. N kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó sì gbé e lọ fún dókítà fúnra rẹ̀. Mo ń wò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà náà, obìnrin tó kéré lọ́jọ́ orí, béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ èmi náà: èèyàn mélòó ló ń ṣàìsàn, láti ọjọ́ wo. Ó kọ oògùn mìíràn sínú ìwé. Ó ní wọ́n á tún dírípù tí wọ́n ti fà fún ọmọ náà ṣe, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà láti ẹnu báyìí, díẹ̀díẹ̀, kí ó má dáwọ́ dúró. Òun ń fẹ́ mọ̀ bóyá omi náà yóò dúró nínú ikùn ọmọ náà. Tí kò bá dúró, wọ́n á gbé e lọ sí ọsibítù ńlá.

Títílọpẹ́ padà wá, ó rí àpò píọ̀ wọ́tà tí mo gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ gbé e kúrò, sà," ó ní. "N ò fẹ́ ohun ọ̀fẹ́ kankan mọ́."

Mo gbé e kúrò. Mo gbé e sí ìta, lórí bẹ́ńṣì, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ̀ bóyá kí n lọ tàbí kí n wà. Oògùn tí dókítà kọ kò sí ní ọsibítù náà. Títílọpẹ́ ní láti wá a lọ síta. Ọkọ rẹ̀ wà ní Warri, kò tíì dé. Ó wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì náà ń bá àwọn mìíràn ṣe, wọ́n ń gbé àwọn ọmọ Mama Ovunda wọlé lọ́wọ́ báyìí láti ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ó wo gbogbo yàrá náà yíká. Èmi ló kù.

"Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ lómi?"

"Mo tọ́ mẹ́ta."

"Ṣíbí kan. Ẹ ka ọgọ́ta. Ṣíbí mìíràn. Ẹ má yára, ẹ má sì dáwọ́ dúró. Tó bá bì í, ẹ pe nọ́ọ̀sì." Ó fi ife omi oníyọ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ.

Mo gbé orí Ìyanu lé apá mi. Mo bu ṣíbí kan, mo gbé e sí i lẹ́nu. Ó ṣí ojú.

"Baba Water," ó ní. "Na from your house?"

"Rárá," mo ní. "Kì í ṣe láti ilé mi."

Ó ronú sí i. Ó la ẹnu. Ó gbé e mì, ó fún ojú pọ̀ nítorí iyọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ogún, ikùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọgbọ̀n, ó gbé ọrùn sókè bí ẹni tó fẹ́ bì, mo ti na ọwọ́ sí abọ́. Kò bì. Ó fi orí lélẹ̀ padà. Ogójì. Àádọ́ta. Ọgọ́ta. Mo bu ìkejì.

Nígbà tí Títílọpẹ́ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀rá oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Kò wá gba ife náà.

"Mélòó?"

"Mọ́kànlélógún."

"Ó bì?"

"Ó fẹ́ bì lẹ́ẹ̀mejì. Kò bì."

Ó jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú, kò wo ojú mi.

"Ẹ máa kà á lọ," ó ní.